Òwò Aṣẹ́wó àti Òfin: Ta ni ó Yẹ kí Òfin Kọ́kọ́ Mú?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn Mùsùlùmí Ìlá-Ọ̀ràngún àti agbègbè Igbómìnà Ọ̀ṣun)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.



Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí kì í ṣe èyí tí ó dùn ún sọ láàárín àwùjọ. Ọ̀rọ̀ òwò aṣẹ́wó ni, àti òfin tí ó de ìbálòpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Nígbàkúùgbà tí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín àwa Mùsùlùmí, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu wa jáde ni pé, "Ẹ jẹ́ kí á lọ kó wọn." Àwọn ta ni a fẹ́ lọ kó? Àwọn ọmọbìnrin ni. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni èyí: nínú gbogbo àwọn tí ó lọ́wọ́ nínú òwò yìí, ta ni ó yẹ kí òfin kọ́kọ́ mú?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Igbómìnà kan ṣoṣo ni wá, ṣùgbọ́n abẹ́ òfin méjì ni a ń gbé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pààlà, àwa tí a wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà bọ́ sí apá gúúsù, àwọn ìbátan wa ní Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró sì bọ́ sí apá àríwá. Lónìí, a wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní 1991, àwọn sì wà ní Kwara. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù, àwòkọ òfin Queensland ní ilẹ̀ Australia ni. Ní 1916 ni a nà án dé gbogbo Nàìjíríà. Ní 1960, àríwá pa tirẹ̀ tì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí à ń pè ní Penal Code.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò kéré. Nínú Penal Code, ìsọ̀rí 387 àti 388 sọ ṣìná di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, fún ẹnikẹ́ni tí àṣà tàbí òfin ìbílẹ̀ rẹ̀ bá ti kà á sí ọ̀ràn. Bí ẹni náà bá jẹ́ Mùsùlùmí, ilé-ẹjọ́ lè fi ẹgba kún un. Òfin ti gúúsù kò ní irú rẹ̀ rárá fún àgbàlagbà méjì tí wọ́n jọ gbà. Nítorí náà, ohun tí ó lè sọ ọkùnrin kan di ẹlẹ́wọ̀n ní Òmù-Àrán, bí ó bá ṣe é ní Ìlá, kò sí ọlọ́pàá tí ó ní àṣẹ láti fọwọ́ kàn án.

Ǹjẹ́ òwò aṣẹ́wó ha parí ní Òmù-Àrán nítorí pé òfin ibẹ̀ le ju tiwa lọ? Gbogbo wa ni a mọ̀ pé kò parí. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: líle òfin nìkan kò pa òwò yìí.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ohun tí òfin gúúsù fúnra rẹ̀ sọ. Kò ka títa ara nìkan sí ọ̀ràn, àfi bí obìnrin bá ń hùwà àìtọ́ ní gbangba. Àwọn tí ó dojú kọ gan-an ni ẹni tí ó fa ọmọbìnrin sínú òwò náà, ọkùnrin tí ń jẹ nínú owó rẹ̀, ẹni tí ń ṣe àbójútó ilé aṣẹ́wó, àti onílé tí ó mọ ohun tí a fẹ́ fi ilé rẹ̀ ṣe tí ó sì gbowó. Ṣùgbọ́n bí àwọn agbófinró bá jáde lálẹ́, ta ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀? Obìnrin tí ó dúró lójú títì ni. Onílé ń sùn sílé rẹ̀, oníbàárà sì ti gba ẹ̀yìn ilé lọ. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A mọ òwe náà, a kò lò ó.

Àìdájọ́ yìí máa ń mú aláìṣẹ̀ pẹ̀lú. Ní Àbújá, láàárín 2011 sí 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú Dorothy Njemanze, òṣèré, àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn ní òpópónà, wọ́n sì pè wọ́n ní aṣẹ́wó nítorí pé wọ́n rí wọn níta lálẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2017, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé kò sí ẹ̀rí kankan, ó sì pàṣẹ kí ìjọba Nàìjíríà san mílíọ̀nù mẹ́fà náírà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta wọn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, kò yẹ kí ìdájọ́ yìí ṣàjèjì sí wa. Súrà An-Nūr, ẹsẹ 4, ti pàṣẹ ẹgba 80 fún ẹni tí ó bá fi ṣìná kan obìnrin oníwà mímọ́ láìmú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá. Ọlọ́hun tí ó ka ṣìná léèwọ̀ náà ni ó fi odi yí orúkọ obìnrin ká.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Nínú èdè Yorùbá, "sẹ̀ríà" ti di orúkọ fún ìyà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ṣaríà tí a ti mú ọ̀rọ̀ náà wá túmọ̀ sí ọ̀nà, ọ̀nà tí ó lọ sí ibi omi. Nígbà tí Zamfara kéde Ṣaríà ní 1999, tí àwọn ìpínlẹ̀ àríwá mìíràn sì tẹ̀lé e, ìyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rí. Ní Katsina ní 2002, wọ́n dájọ́ pé kí a sọ Amina Lawal lókò pa nítorí pé ó bímọ láìlọ́kọ. Ọkùnrin tí ó dárúkọ sẹ́, ó sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí Safiya Hussaini ní Sokoto ní 2001. Ta ni ó wá gbà wọ́n? Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣaríà fúnra rẹ̀ ni ó dá Safiya sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2002, tí ó sì dá Amina sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2003. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú ìwé dé ìsàlẹ̀, wọ́n rí àánú níbẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí Mā'iz wá jẹ́wọ́ níwájú Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a), léraléra ni Ànábì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Àáfáà, ṣé o ń sọ pé òwò náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Rárá o. Eewọ̀ ni, Ànábì sì ka owó rẹ̀ léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí Al-Kùránì bá wí nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ òwò yìí gan-an. Ní Mẹ̀dínà, Abdullah bin Ubayy, olórí àwọn mùnáfíkì, a máa fipá rán àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ lọ ta ara kí ó lè rí owó. Orí rẹ̀ ni ẹsẹ 33 Súrà An-Nūr sọ̀ kalẹ̀ sí. Ọ̀gá tí ń jẹ èrè ni Ọlọ́hun kọ̀ fún; àwọn obìnrin tí a fipá mú, ìdáríjì ni Ó fi parí ọ̀rọ̀ tiwọn.

Abdullah bin Ubayy ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ wà láyé. Àwọn ni wọ́n ń wá sí abúlé wa láti sọ fún òbí pé iṣẹ́ wà ní Lìbíyà tàbí ní Málì. Ní oṣù kìíní 2019, ọ̀gá àgbà àjọ NAPTIP ìgbà náà kéde pé ó tó 20,000 ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ti sọ di aṣẹ́wó ní Málì. Wọ́n a máa mú àwọn ọmọ wọ̀nyí búra kí wọ́n tó gbéra, kí ẹ̀rù má jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Benin fi àwọn tí ń mú wọn búra gégùn-ún, ó sì tú àwọn tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀. Àwa Mùsùlùmí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìbúra láti dẹ́ṣẹ̀ kò de ẹnikẹ́ni. Òfin tí ó de fífi ènìyàn ṣòwò ti wà láti 2003, a sì tún un ṣe ní 2015. Àjọ NAPTIP ní ẹ̀ka ní Òṣogbo. Kò jìnnà sí wa.

Ní ti oníbàárà ńkọ́? Láti 1999, ilẹ̀ Sweden ń fi òfin mú ẹni tí ó ra, kì í ṣe ẹni tí ó tà. Jámánì ní 2002 àti New Zealand ní 2003 yàn láti sọ òwò náà di iṣẹ́ tí òfin gbà. A kò lè tẹ̀lé àwọn méjì wọ̀nyí, nítorí a kò lè sọ eewọ̀ di ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n Sweden ti sọ ohun kan tí a ti gbàgbé: bí kò bá sí olùrà, ọjà yóò tú. Ọkùnrin tí ń rà wà nínú sáfù wa.

Kí wá ni ṣíṣe? Mẹ́rin ni mo mú wá.

Ẹ̀kínní, kí onílé tí ó jẹ́ Mùsùlùmí béèrè ohun tí a fẹ́ fi ilé rẹ̀ ṣe, kí ó sì kọ owó tí ó léèwọ̀. Ṣíṣe èyí kò bèèrè ọlọ́pàá.

Èkejì, kí á mú ìgbéyàwó rọrùn. Kí ó tó kan ẹsẹ 33, ẹsẹ 32 ti pàṣẹ kí á gbé ìyàwó fún àwọn àpọ́n, kí á má sì fi òṣì dí wọn lọ́nà. Àwa ni a fi aṣọ ẹbí àti àsè dí ọ̀nà náà.

Ẹ̀kẹta, kí sàká wa dé ọ̀dọ̀ opó àti ọmọ òrukàn kí ẹni tí ń wá ọmọ kó lọ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá padà wálé. Nínú àdíìsì, Ànábì sọ ti obìnrin aṣẹ́wó kan tí ó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi, tí Ọlọ́hun sì tìtorí rẹ̀ forí jì í. Bí Ọlọ́hun bá ti forí jì í, ta ni àwa tí a ó máa nàka sí i lọ́jà?

Ẹ má ṣe lọ kó àwọn ọmọbìnrin, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ fi orúkọ àwọn tí ń kó wọn lọ tó àwọn aláṣẹ létí, pẹ̀lú ẹ̀rí, kì í ṣe pẹ̀lú àgbọ́sọ.

Ọlọ́hun, bo àṣírí wa, ṣọ́ àwọn ọmọ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, fi owó ẹ̀tọ́ rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú eewọ̀. Āmīn.