Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Kànga-Dẹ̀rọ Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí màmá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ bíbí ìlú wa, bá wa sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ la ṣe kọ ọ́.)

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí yíyọ̀ǹda ara ẹni fún ìlú. Nígbà tí akọ̀wé pè mí, mo bi í pé, "Ṣé owó lẹ fẹ́ kí n bá yín tọrọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o. Inú mi dùn, torí pé ní ti owó, a kì í fi falẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ ṣáà ń rí i lórí WhatsApp wa. Bí akọ̀wé bá ti kọ ọ́ pé a fẹ́ dá owó fún nǹkan kan, kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ á ti tò lọ rẹrẹ, kálukú pẹ̀lú iye tó dá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ń wá ẹni tí yóò máa ti ẹnu ẹ̀rọ omi lálẹ́. Gbogbo fóònù á dákẹ́. Ẹnì kan á kàn fi ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́.

Ọjọ́ tí a ṣí kànga-dẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mo wà níbẹ̀. A ta kánópì, a wọ aṣọ ẹbí, onílù ò jẹ́ ká gbọ́ ohun tí alága ń sọ. Ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fà ló ń yọmi lọ́jọ́ náà. Lónìí, méjì ló kù. Mẹ́rin tó bàjẹ́ yìí, kò sí èyí tó gba owó ńlá nínú wọn. Ọ̀kan kàn ń jò ni. Àwọn ọmọdé fi ọ̀rá so ó, ọ̀rá já, wọ́n fi igi dí i, igi wá kán sínú rẹ̀. Ẹ lọ wò ó tí ìpàdé bá tú. Ìlà tó wà nídìí méjì tó kù ti gùn débi pé àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé ò lè dúró mọ́. Odò ni wọ́n ti ń pọnmi báyìí.

Odò yẹn ló mú mi rántí sòbìyà.

Ẹ̀yin àgbà ti mi orí. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Sòbìyà jẹ́ aràn. Èèyàn á mu omi adágún tó ní kòkòrò wínníwínní kan nínú, ọmọ aràn yìí á sì wà nínú kòkòrò náà. Ó máa tó bí ọdún kan gbáko kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé nǹkan ti wọ òun lára. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ á wú, á máa jó o bí iná, á lé ròrò, ròrò á bẹ́, aràn funfun bí òwú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí. Ó lè gùn tó mítà kan. Kò ṣeé fà yọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á máa wé e mọ́ igi tín-ín-rín, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bó bá já sínú, wàhálà dé. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní oògùn tó ń wò ó, títí di òní. Àgbẹ̀ tó bá mú lákòókò iṣẹ́, oko rẹ̀ di igbó. Èyí tó wá burú jù ni pé, bí ẹsẹ̀ ṣe ń jó o yẹn, á fẹ́ kì í bọ omi kí ara lè tù ú. Ibẹ̀ gan-an ni aràn ti máa da ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo abúlé ń mu. Ọdún tó ń bọ̀, ó tún kan ẹlòmíì.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní in jákèjádò Nàìjíríà, ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Nígbà tó di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìyà. Ẹ̀yin èèyàn mi, àrùn tí kò ní oògùn o!

Ta ló ṣe é? Bẹ́ ẹ bá wo fọ́tò, Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon lẹ máa rí. Wọ́n gbìyànjú, mi ò ní fi dù wọ́n. Gowon fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé àwọn abúlé. Ìjọba náà ná owó, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n da oògùn sódò láti pa kòkòrò yẹn. Ṣùgbọ́n Gowon á padà sílé lálẹ́. Ta ni yóò wà lábúlé lọ́jọ́ kejì?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìdèrè, ní Ìbàràpá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní agbègbè yẹn, Igbó-Ọrà ni ibùdó wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sòbìyà dé Ìdèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà pé inú omi ló ti ń wá. Wọ́n ní inú ara ni, pé a bí i mọ́ni ni. Mi ò bá wọn wí o. Bí àjèjì bá gbé aṣọ lé èmi náà lọ́wọ́ pé kí n máa fi sẹ́ omi tí bàbá mi mu dàgbà, màá wò ó láwòpẹ́. Ohun tí àwọn olùkọ́ yunifásítì náà wá ṣe ni pé wọ́n kọ́ àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ní iṣẹ́ ìlera. Télọ̀ ìlú ló rán asẹ́ náà. Àwọn ará abúlé tó yọ̀ǹda ara wọn ló gbé e kiri, tí wọ́n ń tà á lówó pọ́ọ́kú fún ẹni tí wọ́n jọ ń pàdé lọ́nà oko. Ẹni tí kò gbọ́ tòyìnbó, á gbọ́ ti ọmọ ìyá ẹ̀.

Nígbà tó yá, irú wọn wà káàkiri orílẹ̀-èdè, ní abúlé tí sòbìyà bá ti wà. Kí niṣẹ́ wọn? Wọ́n á lọ láti ilé dé ilé, wọ́n á béèrè ta ló ń ṣe, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n á bá a di ojú egbò, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kó má tẹ odò. Wọ́n á wo asẹ́ bóyá ó ti ya. Ìparí oṣù, ìwé á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó tán. Kò sí ohun tó le níbẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ ni. Ohun tó le ni pé kí èèyàn tún lọ lóṣù tó ń bọ̀, nígbà tí kò sí onílù, tí kò sí kámẹ́rà.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó lèyí. Ṣé òyìnbó ló kọ́ àwọn bàbá wa ní àáró? Iléèwé gíráámà Iléṣà, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ bíi tiwa yìí, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1934, kì í ṣe ìjọba. A mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀wẹ̀ àti àáró, ibẹ̀ ni mo sì ń lọ. Ọ̀wẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ á pe èèyàn jọ, á se oúnjẹ, á wá ẹmu, wọ́n á ṣe é lọ́jọ́ kan, kálukú á gbalé lọ. Àáró ní ìwé lọ́kàn: oko tèmi lónìí, tìrẹ lọ́jọ́ mìíràn, títí á fi kárí, á sì tún yí padà. Ẹni tó bá sá, wọn ò ní bá a ro tirẹ̀. Ẹgbẹ́ wa mọ ọ̀wẹ̀ í ṣe, ọ̀wẹ̀ wa sì dùn. Àáró la pa tì. Ìdí nìyẹn tí a fi lè gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, tí a ò sì lè pààrọ̀ wáṣà.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ìjọba ńkọ́? Ẹ máa bá wọn jà, mo wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de Abuja nítorí wáṣà. Ẹlòmíì á ní òun ò ráyè, oúnjẹ ọmọ lòun ń wá. Òótọ́ ni, nǹkan le. Ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ ni mo ń tọrọ, ẹni tí ìyẹn bá sì pọ̀ jù fún, kó sọ ọ́ kíákíá ká fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kó má sì jẹ́ àwa obìnrin nìkan. Mo ti kíyè sí i pé bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́, "ẹ̀yin ìyá wa" la máa ń gbọ́. Bó bá wá di pé a ń yan alága, bàbá pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, a ò ní kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá pa ẹnu ẹ̀rọ dé. Ìwé ìṣirò owó omi nìkan, tí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ akaǹtì bá lè máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, ó tó.

Mo ti fa ìlà sínú ìwé kan, akọ̀wé á ya fọ́tò rẹ̀ síbi tí gbogbo yín á ti rí i. Ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ ló wà níbẹ̀, èèyàn méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: kí wọ́n wo ẹnu ẹ̀rọ, kí wọ́n gbá ìdí rẹ̀, kí wọ́n kọ èyí tó bá bàjẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tì í lálẹ́. Mo ti kọ orúkọ mi sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ń wá ẹnì kejì mi. Púlọ́ńbà ti gbà láti wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ wáṣà, Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, nídìí kànga. Ẹni tó bá ní sípánà nílé, kó mú un dání.