Èémí Tó Ń Sé Lóru, Oorun Tó Ń Kùnni Lọ́sàn-án

Níwájú àwùjọ tó ti mọ púpọ̀ nípa ìlera òṣìṣẹ́, ìtumọ̀ kò yẹ kó gba àkókò. Àìsàn èémí sísé lójú oorun ni kí ọ̀nà ọ̀fun máa pa dé bí ènìyàn bá ti sùn, nítorí pé iṣan tó là á sílẹ̀ ti dẹ̀, tí ahọ́n sì ti fà sẹ́yìn, débi pé àyà ń fa afẹ́fẹ́ ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò rọ́nà wọlé. Bí èémí bá sé tàbí tó dín kù gidigidi fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, ìgbà kan nìyẹn. Bí irú rẹ̀ bá tó 5 láàárín wákàtí kan, àìsàn ti wọlé. Bó bá tó 30, ó ti le. Nígbàkúùgbà tó bá ṣẹlẹ̀, ọpọlọ á ta onítọ̀hún jí fún ìgbà díẹ̀, á fi ariwo gba afẹ́fẹ́, á sì padà sùn láìní rántí ohunkóhun lówùúrọ̀, nítorí náà ẹni tó fi wákàtí 8 dùbúlẹ̀ lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ rí oorun tó jinlẹ̀ sùn.

Èrò òdì tó pẹ́ jù lọ nípa àìsàn yìí, tí kò sì yẹ kó ṣì máa jà láàárín ọ̀mọ̀wé, ni pé ẹni tó ń hanrun ń gbádùn oorun. Èrò kejì sọ pé ibà ni: òṣìṣẹ́ tó ń rẹ̀ lọ́sàn-án á yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, á ra oògùn ibà pẹ̀lú oògùn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára, bó bá sì di oṣù tó ń bọ̀, á tún padà lọ. Ibà ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibà tí kì í mú ara gbóná, tí oògùn kì í sì í ràn, ó yẹ kí ẹnìkan kọ́kọ́ bi aya onítọ̀hún ohun tó ń gbọ́ lóru. Èrò kẹta ló burú jù, ìyẹn ti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ tí wọ́n rí ẹni tó ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ, tí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ, tí wọ́n sì fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Àwọn oníṣègùn pàápàá ní ẹ̀bi tiwọn, nítorí ní 1956, àwọn kan ní Amẹ́ríkà fi ìwé ìtàn Charles Dickens tí ọmọkùnrin sísanra olóòògbé wà nínú rẹ̀ sọ irú àìsàn yìí lórúkọ, ayé sì gbà pé tẹni tó sanra nìkan ni. Sísanra ń dá kún un púpọ̀, ṣùgbọ́n àgbọ̀n tó kéré, bélúbélú tó wú àti ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ òru tún ń dá kún ìṣòro yìí, Ìkẹjà àti Agége ní Èkó kò sì ṣàjèjì sí i. Àwọn àgbà ṣì ń rántí àwọn oníbúrẹ́dì Agége tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ilé iṣẹ́ ọtí Guinness tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962, kí ṣífùtù alẹ́ sì tó gbilẹ̀ ní òpópónà Ọba Àkran àti àdúgbò Ògbà. Ẹni tó ti alẹ́ bọ̀, tó ń sùn lọ́sàn-án láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀, oorun rẹ̀ ti kúrú tẹ́lẹ̀. Bí èémí bá tún ń sé, ìyà di méjì. Awakọ̀ danfo náà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn: ní 2013, àwọn oníṣègùn kan tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn awakọ̀ èrò ìgboro Èkó, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ewu àìsàn yìí rọ̀ mọ́ kò kéré.

Nípa ìtọ́jú, àkókò kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 1981, Colin Sullivan ní Australia fi hàn pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba imú lè mú kí ọ̀fun wà ní ṣíṣí jálẹ̀ òru. Dídín ọ̀rá ara kù, fífi ẹ̀gbẹ́ sùn àti yíyẹra fún ọtí àti oògùn oorun náà máa ń ran aláìsàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iná ni ẹ̀rọ náà ń jẹ: bí iná bá lọ láàjìn, tí kò sí bátìrì tàbí ínfátà nílé, ẹ̀rọ á dúró, ọ̀fun á sì tún pa dé.