Ọmọ Tí Kì Í Fẹ́ Jókòó Jẹun

Àwa tí ẹ yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ilé àti ọmọ ni wọ́n ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí akápò tó ka ìṣirò owó. A mọ̀ pé ìṣirò owó ni ẹ wá gbọ́, nítorí náà a kò ní pẹ́.

Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, láti nǹkan bí oṣù 10 títí dé ọdún 3. Ẹ bu oúnjẹ fún un, ó ti dìde. Ẹ fà á jókòó, ó ti yọ́ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀. Ìyá á wá gbé abọ́ lé e kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, òkèlè kan níhìn-ín, òkèlè kan lọ́hùn-ún, títí ọbẹ̀ yóò fi tutù. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àìgbọràn ni. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó yí èrò wa padà ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀kan nínú wa. Wọ́n ra àga gíga ọmọdé lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan. Àga náà ń dán, ó sì ní pátákó níwájú tí a ń gbé abọ́ lé. Ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun tí ó dá itan ọmọ sí méjì, kò sì sí okùn kankan. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá ọmọ yíjú sí ìdáná láti bu ọbẹ̀. Kí ó tó yíjú padà, ọmọ ti yọ́ wálẹ̀ lábẹ́ pátákó, gbogbo ara rẹ̀ ti bọ́ sísàlẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló fi há sókè. Kò lè ké. Ká ní ìyá rẹ̀ ti jáde lọ pọn omi ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ lónìí. Ọmọ náà wà láàyè, ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń jẹun ju gbogbo wa lọ.

A gbé àga náà kalẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò. Àléébù àkọ́kọ́ hàn gbangba: ọmọ lè gba abẹ́ pátákó yọ́ jáde. Èkejì ni a kò tètè rí, òun ló sì jẹ́ ká mọ ìdí tí ọmọ fi ń jà raparapa. Àga náà kò ní ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹ wà níjòókòó, ẹ gun orí bẹ́ǹṣì gíga kan kí ẹsẹ̀ yín máa rọ̀ dirodiro, kí ẹ wá jẹ iyán níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ìdí yóò fi máa yọ́ síwájú, tí ẹ ó máa yíra, tí ẹ ó máa wá ohun tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ tì. Ẹ̀yin ni àgbà o. Ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbó ń kó gbogbo agbára rẹ̀ lé bí kò ṣe ní ṣubú, kí ni yóò wá kù tí yóò fi jẹun? Nítorí náà ló ṣe ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

A kan igi róbótó kan mọ́ àárín iwájú ìjókòó náà, tí ó ga dé abẹ́ pátákó, kí itan ọmọ wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. A fi okùn aṣọ fífẹ̀ tí ó lágbára sí i, èyí tí ó gba àárín itan kọjá tí ó sì so mọ́ ìbàdí. Lẹ́yìn náà ni a kan pátákó ìtìsẹ̀ sí i, tí a lè gbé sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ọmọ bá ti ń ga, kí orúnkún rẹ̀ lè ká bí ẹni tí ó jókòó sórí àpótí. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọ̀já so ọmọ mọ́ àga ní àyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bí ọmọ bá yọ́ sísàlẹ̀, ọ̀já náà yóò gùn dé ọrùn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ àga gbọ́dọ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ, kí ẹ má sì gbé e sún mọ́ tábìlì tàbí ògiri tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ tì, nítorí yóò tì í, tòun tàga yóò sì dojú délẹ̀. Kí ọbẹ̀ gbígbóná àti sítóòfù jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò lówó àga, kó má ronú. Ní tiwa, àpótí kékeré ló gba iwájú: ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ̀yìn fara ti ògiri, bí ó bá sì ṣubú, ibo ni yóò ṣubú dé? Orí ẹní náà dára, kí ìyá gbé ọmọ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀yìn ọmọ fi ara ti ikùn ìyá. Ohun tí a kò fẹ́ mọ́ ni kí a dá ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, kí a dí i ní imú, kí a máa fi ọwọ́ da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Àwọn ìyá wa ṣe é, wọ́n sì tọ́ wa dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ìjókòó ṣe pàtàkì nítorí ọ̀fun pẹ̀lú. Ọmọ tí ó ń sáré tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀ ni oúnjẹ máa ń tètè há sí lọ́fun. Ẹ má fún un ní odidi ẹ̀pà tàbí gúgúrú, kí ẹ sì fara balẹ̀ yọ egungun ẹja. Bí nǹkan bá há a lọ́fun tí ó ṣì ń wúkọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa wú u. Bí kò bá lè wúkọ́, tí kò lè ké, ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí itan yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín èjìká méjèèjì. Bí kò bá jáde, tí ó sì ti pé ọdún kan, ẹ kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, ẹ fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ dá a padà dojú sókè, ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan ni ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ láàárín àyà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi jáde, kí ẹlòmíràn sì máa wá ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ti ìka bọ ọ̀fun tí ẹ kò bá rí ohun tí ó há, ẹ má sì fún un lómi.

Bàbá kan bi wá léèrè láàárọ̀ pé ìgbà wo ni kí òun tó jẹ́ kí ọmọ dìde. Bí ó bá ti jẹun bí ìṣẹ́jú 20, tí ó ń yíjú kúrò, tí ó ń ju òkèlè sílẹ̀, ó ti yó nìyẹn. Ẹ gbé e sọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ọmọ oṣù 9 sí oṣù 23 jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, nítorí náà òmíràn ń bọ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà lórí ìjókòó, kí àgbàlagbà kan jókòó kọjú sí i. Kó má lọ bu ọbẹ̀.

Àga tí a tún ṣe náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó lọ, a kò gba owó. Kí àwọn ọmọ ńlá má gùn ún o. Ọmọ alága wa ti gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀, pátákó ìtìsẹ̀ ti ń mì. Akápò, ó kù sí ọwọ́ yín.