Ohun tí ó Wà lábẹ́ Aṣàwákiri: Ìrírí kan ní Ìfisìn-Èkìtì

Ó lè yà yín lẹ́nu pé lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, kí n sì wá máa sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Alámọ̀ ni ó fà á.

Ẹni tí ó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé ewì alohùn àwọn obìnrin wa ni alámọ̀: ẹnì kan a máa lé, àwọn yòókù a máa gbè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ohùn àwọn ìyá sílẹ̀ ní Ìfisìn, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Ibi ìpamọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí, aṣàwákiri, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní bíráúsà, sì ni ọ̀nà tí mo ń gbà dé ibẹ̀. Méjì nínú àwọn ìyá náà ti di ará ọ̀run.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, Chrome 110 jáde, kò sì ṣiṣẹ́ lórí Windows 7 mọ́. Windows ni ìpìlẹ̀ tí àwọn ètò yòókù inú kọ̀ǹpútà dúró lé. Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 7 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. (Ti Windows 10 náà ti dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹ kíyè sí i.) Mo pinnu láti gbé kọ̀ǹpútà ilé mi láti Windows 7 bọ́ sí Windows 10. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu iṣẹ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ ni a fi parí rẹ̀. Nígbà tí mo wá fẹ́ fi aṣàwákiri tuntun sí i, ó kọ̀. Ohun tí ó kọ kò ju pé òun kò rí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀, fóònù mi ń ṣí ojú-ewé lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà!

Mo yọ ọ́, mo tún fi í sí i, ìgbà mẹ́rin. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ pé kí wọ́n má ṣe ka ọ̀rọ̀ elégbè sí ti ẹni tí ń lé orin, elégbè gan-an ni mo ń bá jà. Ilé ni à á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìdó-Èkìtì ni mo ké sí. Kò fọwọ́ kan aṣàwákiri rárá. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ọdún wo ni kọ̀ǹpútà yín sọ pé a wà?” Mo wò ó: 2010 ni! Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí.

Bátìrì róbótó kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí ó rí bí kọ́bọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí aago dúró nígbà tí kò bá sí iná. Tèmi ti kú, nítorí náà ni aago fi ń padà sẹ́yìn nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Kí ni aago wá fi kan íntánẹ́ẹ̀tì? Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí a dáàbò bò máa ń ní ìwé ẹ̀rí, tòun ti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Kọ̀ǹpútà tí ó gbà pé ọdún 2010 ni a wà yóò ka ìwé ẹ̀rí ọdún 2023 sí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, yóò sì kọ̀ ọ́. Fáìlì kékeré tí mo ní kì í sì í ṣe aṣàwákiri gan-an. Ìránṣẹ́ ni, tí ó máa lọ gbé ìyókù wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ìránṣẹ́, ó padà wá sọ pé òun kò rí ọ̀nà.

Ọmọ náà tún ọjọ́ ṣe, ó sì fi bátìrì tuntun sí i. Nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì wa kì í lágbára ní ìrọ̀lẹ́, ó lo fáìlì ńlá, èyí tí ó pé tí kò nílò ìránṣẹ́, láti inú fúláàṣì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ó ṣì wà láàyè jókòó tì mí. Mo ka alámọ̀ rẹ̀ sí i létí láti ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní mo ṣi ohùn fi sí ọ̀rọ̀ kan. Mo sì tún un ṣe.