KÍ A MÚ ADÁGÚN Ọ̀YÁN TÓBI SÍ I
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ sọ



Àwọn àgbà ní a kì í bá omi ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ní agbègbè wa yìí, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń fi owó ra omi kànga ẹ̀rọ àti omi inú ọ̀rá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá sì dé, omi náà a tún máa lé àwọn ará etí odò Ògùn kúrò nílé.

Odò yìí ń ṣàn láàárín wa: Ìfọ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Mowé àti Ìbàfò ní ìlà-oòrùn. Ní 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìsédò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, tí adágún rẹ̀ lè gba 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì omi. Omi náà ń ṣàn wọ odò Ògùn, ní Akútè, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfọ̀ gan-an, ni a sì ti ń fà á lọ sí ilé iṣẹ́ omi Àdìyàn, tí a ṣí ní 1991 fún ìlò àwọn ará Èkó. A kò bínú sí Èkó. Ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í wà létí odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́.

Kí a tó ronú ìsédò tuntun, èyí tí a ní ni kí a kọ́kọ́ mú tóbi. Kí a kó ẹrẹ̀ tí àgbàrá ti gbé sínú rẹ̀ kúrò, kí a sì gbé ògiri rẹ̀ ga. Bí igbá ni adágún rí: ìsàlẹ̀ rẹ̀ há, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, nítorí náà ìwọ̀n díẹ̀ tí a bá fi kún òkè ń gba omi púpọ̀. Íjíbítì parí ìsédò Aswan ní 1902, wọ́n sì gbé e ga lẹ́ẹ̀mejì, ní 1912 àti 1933. Ní 2013, Sùdáànì fi mítà 10 kún ìsédò Roseires. Ṣé àwa kò tó bẹ́ẹ̀ ni?

Bí a bá sì ń fi àyè sílẹ̀ nínú adágún kí òjò ńlá tó dé, a kò ní máa tú omi lé àwọn ará ìsàlẹ̀ odò lórí, bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú ní oṣù kẹwàá ọdún 2010.

Ṣùgbọ́n bí omi bá ga, yóò bo ilẹ̀ onílẹ̀. Nígbà tí a kọ́ Ọ̀yán, àwọn abúlé kan ṣí kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn, àtọ̀sí ajá sì bá àwọn tí ó tẹ̀dó sí etí adágún náà jà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, ìsédò Alau ya, omi sì bo Maiduguri.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè lọ́wọ́ Ìjọba. Èkíní, kí àwọn ẹnjinníà yẹ ògiri Ọ̀yán wò láti ìpìlẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìwọ̀n tí ó lè gbà fún gbogbo ènìyàn. Èkejì, kí a san owó ilẹ̀ kí omi tó dé orí rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ilé ìwòsàn àti omi mímọ́ wà fún àwọn ará etí adágún. Ẹ̀kẹrin, kí páìpù omi ẹ̀rọ ya sí Ìfọ̀, kí ó sì ya sí Mowé àti Ìbàfò. Adágún ńlá tí kò ní páìpù kò lè pa òùngbẹ ẹnikẹ́ni.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ jẹ́ kí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ohùn kan béèrè. A kò tọrọ àánú. Ẹ̀tọ́ wa ni.