Ìjàpá tó ń yàwòrán àti ọgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́



Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Seymour Papert. Ìlú Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n bí i sí ní 1928. Ìmọ̀ ìṣirò ló kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Jean Piaget ṣiṣẹ́ ní Geneva, kó lè mọ bí ọmọdé ṣe ń ronú. Ibẹ̀ ló ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti so kọ̀ǹpútà, eré àti ẹ̀kọ́ pọ̀ di iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ní 1967, òun pẹ̀lú Cynthia Solomon àti Wallace Feurzeig ṣe èdè kan tí ọmọdé lè fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Logo ni wọ́n pè é. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń rìn nílẹ̀, tó ń fi kálámù fa ìlà. Ìjàpá ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọ á ní kí ìjàpá rìn síwájú, kó yà sọ́tùn-ún. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, àwòrán onígun mẹ́rin ti jáde. Bí àwòrán bá wọ́, Papert kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ á dìde, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín bí ìjàpá, títí yóò fi rí ibi tí àṣìṣe wà.

Ta ni kò mọ ọgbọ́n yìí ní Kétu? Ẹsẹ̀ ni ọmọ tó ń kọ́ ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ń gbọ́ ìlù. Bó bá ṣì í, onílù á tún un lù, ọmọ á tún un jó.

Nínú ìwé rẹ̀, Mindstorms, tó jáde ní 1980, Papert yin àwọn ẹgbẹ́ samba ti Brazil. Ó ní ibẹ̀ ni àgbà àti ọmọdé, ọ̀gá àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ti ń kọ́ nǹkan pọ̀, nítorí ọjọ́ ọdún ń bọ̀. Brazil yìí kan náà ni wọ́n ti ń pe orúkọ Kétu nínú ilé òrìṣà títí dòní. Ohun tó lọ rí lọ́nà jíjìn, ó wà nínú agbo wa: Ẹ̀fẹ̀ ní òru, ijó ní ọ̀sán, àti agbẹ́gilére tó mọ bí a ṣe ń fi okùn mú ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mì.

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì fi í sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ẹ̀rọ ìgbàlódé ń mú kí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ máa dín kù. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe kékeré. Bí a bá ní kí ọmọ yan ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà àti agbo, agbo ni yóò fi sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ, bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà wá sí iléèwé, ẹ pe onílù àti agbẹ́gilére wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Kí ọmọ gba ohùn ìlù sílẹ̀, kó ya ère, kó sì tún padà sí agbo láti jó o lójú àgbà. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń jó kò fi ìwé ṣòfò.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.