Ìrìn-Àjò Lọ sí Ọ̀dàn Pendjari

 

Omi ni àwa ará etí òkun ń rí láàárọ̀ lálẹ́. Ọ̀sà wà níwájú, òkun wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ kọjá, tí a dojú kọ àríwá títí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, a ó dé ọ̀dàn ńlá kan tí ó gbẹ táútáú. Pendjari ni orúkọ rẹ̀. Ní 1954 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko. Ní 1961 ó di ọgbà ẹranko ìjọba.

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú 2019, èmi àti olùkọ́ mẹ́ta lọ síbẹ̀. Awakọ̀ wa mọ ọkọ̀ wà dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé. Ní Ìdáàṣà, ọ̀nà pín sí méjì. Ti òsì gba Savalou àti Djougou lọ sí Natitingou, níbi tí à ń lọ. Ti ọ̀tún gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou. Pátákó wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí gàdàgbà. Àwa olùkọ́ ń sùn. Awakọ̀ yà sí ọ̀tún.

Nígbà tí mo lajú, Ṣábẹ̀ẹ́ ni a wà. Ìyá àgbà kan tí ń ta iṣu fi Yorùbá dá wa lóhùn pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ṣìnà. Ọ̀nà yìí náà á gbé yín débẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìn." A fi kìlómítà bí 100 kún ìrìn wa. Ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé awakọ̀ tí kò mọ̀wé ni, tàbí àwa tí a mọ̀wé tí a sùn?

Lẹ́yìn Djougou, a rí àwọn òkè Atakora. Níbẹ̀ ni àwọn Batammariba ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà bí ilé odi. Ẹran ọ̀sìn ń gbé ìsàlẹ̀, ènìyàn ń sùn lókè, wọ́n sì ń kó ọkà sí aká tí ó wà lórí ilé.

A kọjá Tanguiéta, a bọ́ sí ọ̀dàn. Ọyẹ́ ń fẹ́, koríko ti gbẹ, igi oṣè dúró láìní ewé. Ẹ lè bi mí pé, kí ni ẹranko ń wá ní irú ibẹ̀? Ẹ gbọ́ o. Nígbà òjò, omi wà káàkiri, ẹranko á fọ́n ká, koríko gíga á sì bò wọ́n. Nígbà ẹ̀rùn, ìwọ̀nba adágún díẹ̀ ni ó kù. Gbogbo wọn á kóra jọ síbẹ̀, bí ìgbà tí àdúgbò bá ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. A rí erin, ẹfọ̀n, erinmi, ọ̀nì, àti egbin tí a fi ń wé ọmọge arẹwà. Kìnnìún náà mọ̀ pé òùngbẹ á mú ẹran wá. Ó sáà ń dúró dè é ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má tí ì di ẹrù o. Ní oṣù karùn-ún 2019, àwọn agbébọn jí àlejò méjì, ará Faransé, gbé níbẹ̀. Wọ́n pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Láti ìgbà náà, àwọn agbébọn ti ṣọṣẹ́ ní agbègbè náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ ìjọba. Bí wọ́n bá ní kò tí ì yá, kí ó jókòó sílé. Ẹ̀mí kò láàárọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìwé tí ẹ kọ́ kì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀, ẹ ka pátákó. Bí ẹ bá rí ìkìlọ̀ lára ògiri, ẹ dúró kà á. Bí awakọ̀ yín kò bá mọ̀wé, ẹ kà á fún un. Ẹ má sì sùn bí àwa ti sùn.

Ó dìgbà o.